Bí Mo Ṣe Bí Ọ Gan-an

Ìbefun,
Ọjọ́ Ajé.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

N kò ní bi ọ́ bóyá ara le, nítorí àná yìí náà ni o jókòó síwájú mi, tí mo fojú ara mi rí i pé ẹsẹ̀ rẹ wú, tí mo sì rí i pé oorun kò kún ojú rẹ. N kò sì ní sọ pé àlàáfíà ni mo wà níhìn-ín, nítorí láti ìgbà tí o ti jáde nílé mi, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Wá ibì kan jókòó dáadáa kí o tó ka lẹ́tà yìí. Bí Ràsákì ọkọ rẹ bá wà nílé, jẹ́ kó bu omi fún ọ. Ó gùn díẹ̀.

Ó lè máa yà ọ́ lẹ́nu pé mò ń kọ̀wé sí ọ, nígbà tí mọ́tò kì í pẹ́ rárá láti Ìbefun dé Òde. Ẹnu mi ni kò gbà á. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lánàá, ó kọ̀. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé fún ọgbọ̀n ọdún, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ tí mo bí, mo parọ́ fún un. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

O sọ fún mi pé dókítà ní ọmọ inú rẹ dábùú, pé egungun ìbàdí rẹ há, pé iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbé e ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. O ní o kò tíì fọwọ́ sí ìwé wọn. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan mọ ilé àgbẹ̀bí kan tí wọ́n ti ń fi àdúrà àti òróró yí ọmọ padà, pé ibẹ̀ ni o ń lọ ní Ọjọ́ Ẹtì yìí, kí Àlhájà, ìyá ọkọ rẹ, má baà gbọ́ láéláé pé abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó ọmọ òun. Lẹ́yìn náà o di ọwọ́ mi mú, o ní, "Màámi, ṣebí ẹ̀yin bí mi fúnra yín. Bí ẹ ṣe bí mi ni mo fẹ́ bí ọmọ tèmi. Ṣé ìyẹn náà ti pọ̀ jù ni?"

Mo ní, "Kò pọ̀ jù, ọmọ mi." Mo sì dìde, mo lọ bu ọbẹ̀ tí ebi rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì.

Irọ́ ni, Àṣàkẹ́. Abẹ ni wọ́n fi bí ọ. Àpá tó gùn láti abẹ́ ìdodo mi lọ sísàlẹ̀, tí o rí nígbà tí o wà ní kékeré tí mò ń wẹ̀, tí o bi mí pé kí ni, tí mo ní apẹ́ńdíìsì ni wọ́n yọ, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n gbà gbé ọ jáde. Bínú bí o bá fẹ́ bínú, o ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kà á tán ná.

Nígbà tí mo lóyún rẹ, òmìnira kò tíì dé. Mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ilé-ìwé ìjọ wa ní Òde, tíṣà ni bàbá rẹ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Ní ọdún tó ṣáájú, ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé wa bímọ, wọ́n sì ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e. Àwa tíṣà obìnrin mẹ́ta jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ lọ́jọ́ náà, à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ìyá rẹ ni mo sọ pé, "Òun kọ́ ló bímọ, wọ́n bá a bí i ni." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì ń gbàdúrà ní ìpàdé àwọn ìyá pé kí aboyún bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù, àmín tèmi ló máa ń dún jù.

Nígbà tó kàn mí, àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ó sì di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí orí rẹ kò tíì kọjá ibi tó há sí. Ìbàdí yìí náà ni, ọmọ mi, tèmi ni o jogún. Bàbá rẹ sáré wá, wọ́n fi ìwé hàn án, kò tilẹ̀ kà á kó tó fọwọ́ sí i. Ó kánjú débi pé kò sẹ́ni tó lè ka orúkọ tó kọ. Nígbà tí wọ́n ń gbé mi lọ, mo pè é padà. Fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ fún un, nítorí ojú rẹ̀ ń tì mí títí di òní. N kò ní kó gbàdúrà fún mi. N kò ní kó tọ́jú ọmọ bí n kò bá jí. Ohun tí mo sọ ni pé, "Má jẹ́ kí ìyá rẹ mọ̀."

Ìyá rẹ̀ náà ni Ìyá Ìmùṣin, ìyá àgbà rẹ, ẹni tó máa ń fi eyín bó ìrèké fún ọ. Lákòókò yẹn, itan bàbá àgbà ti ṣẹ́, òun nìkan ló ń gbé e dìde tó ń gbé e jókòó nílé ní Ìmùṣin, kò sì ráyè wá sí ọsibítù. Ìyẹn ló jẹ́ kí irọ́ wa rọrùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀. Kátíkíìsì ìjọ wa wá sọ ọ́ lórúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bàbá rẹ ránṣẹ́ sí Ìmùṣin pé mo bí i wẹ́rẹ́, pé ibà kékeré kan ló dá wa dúró. Kò mọ irọ́ í pa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n ó pa á nítorí mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀ ni Ìyá Ìmùṣin wọlé. Ó ti rí ẹni tí yóò dúró ti ọkọ rẹ̀. Ó ru ìkòkò rẹ̀ wá láti ilé, ó kó igi wá, ó kó táwẹ́ẹ̀lì tuntun méjì wá. O mọ ohun tí wọ́n wà fún. Ó fẹ́ wẹ ìyá ọmọ. Ó fẹ́ máa ki táwẹ́ẹ̀lì bọ omi tó ń hó, kó fún omi rẹ̀ dànù, kó sì máa fi tẹ ikùn mi, kí ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú lè jáde, kí ikùn náà sì padà sí bó ṣe wà. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣe fún un nìyẹn, bí òun náà ṣe ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ìyá ọkọ tó fẹ́ràn ìyàwó tí kì í ṣe é.

Mo ti fi ọ̀já di ikùn mi pinpin kó tó dé. Mo ní nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ tú u. Ó ní kò burú, òun yóò máa tẹ̀ ẹ́ láti orí ọ̀já. Mo sì dùbúlẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo ki etí ìró bọ ẹnu, mo jẹ́ kí obìnrin yẹn fi omi gbígbóná tẹ ojú abẹ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó ń kọrin fún ọ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo nílò láti fi dá ọwọ́ rẹ̀ dúró, n kò sì sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ara mi gbóná débi pé mò ń sọ ìsọkúsọ. Ìyá Ìmùṣin fọwọ́ kan ọ̀já mi, ó tutù, ó sì ń rùn. Ó tú u. Ó rí ojú abẹ tó ti là, ó rí ọyún tó ń jáde níbẹ̀. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, kí ni mo fi ṣe ọ́, tí o fi jẹ́ kí n máa fi ọwọ́ ara mi pa ọ́ lọ? Ṣé mo burú tó báyẹn lójú rẹ ni?"

Mò ń sunkún. Ó pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, ó gbé apá mi lé ọrùn, ó sì wọ́ mi dé etí títì, ó dá mọ́tò akẹ́rù dúró, ó sì dà mí padà sí ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo tún lò níbẹ̀. Àìsàn náà ti wọ ilé ọmọ kí wọ́n tó rí i ṣẹ́gun, dókítà sì sọ fún èmi àti bàbá rẹ pé yóò ṣòro kí n tó tún lóyún. N kò tún lóyún mọ́.

Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń bẹ̀ mí pé kí n ra àbúrò fún ọ lọ́jà. O rántí? O ní kódà bó jẹ́ ọkùnrin, o kò ní kọ̀ ọ́. Kì í ṣe abẹ ló gba àwọn àbúrò rẹ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Abẹ náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa, ó gbé ọ fún mi láàyè. Irọ́ mi ló gbà wọ́n. Jọ̀ọ́, foríjì mí.

Ìyá Ìmùṣin kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tí ìyàwó rẹ̀ dúró sórí ọmọ kan, yóò ní, "Ọ̀kan yìí ni mo tọrọ," yóò sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà, bí wọ́n bá pè é láti wá wẹ ìyá ọmọ níbikíbi, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń bèèrè, kó tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, pé, "Ṣé wọ́n fi abẹ kàn ọ́? Má tijú mi." Àwọn kan máa ń bínú sí i. Ó ṣáà fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Ó tó báyìí. Mo ti sọ ọ́, ara sì ti fúyẹ́ díẹ̀. Wá gbọ́ ohun tí ojú rẹ yóò rí, kí ohunkóhun má baà bá ọ lójijì. Ara mi ni mo fi mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ni mo bi nípa èyí tó kù ní àárọ̀ yìí, nítorí nǹkan ti yí padà láti ayé tiwa.

Wọn yóò ní kí o má jẹun láti alẹ́ tó ṣáájú, kí o má sì mu omi. Wọn kò fi ṣeré rárá. Bí oúnjẹ bá wà nínú èèyàn, ó lè bì í nígbà tí oorun oògùn bá gbé e lọ, kí èébì náà sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Mo mọ̀ ọ́, ebi kì í pẹ́ pa ọ́, ṣùgbọ́n bí Àlhájà bá gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún ọ, dúpẹ́, kí o má fẹnu kàn án. Bọ́ yẹtí àti òrùka rẹ fún Ràsákì. Wọn yóò fá irun ìsàlẹ̀ rẹ, wọn yóò ki rọ́bà tí ìtọ̀ yóò máa gbà jáde bọ̀ ọ́ lára. Gbogbo ìtìjú tí o ní, fi sílẹ̀ sílé lọ́jọ́ náà, o óò bá a níbẹ̀ nígbà tí o bá padà. Ṣáájú Ọjọ́rú, wọn yóò tún fẹ́ kí mọ̀lẹ́bí méjì wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè ọ́. Sọ fún Ràsákì lónìí. Ọkùnrin tó sanra báyẹn, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó méjì pín.

O kò ní mọ ìgbà tí wọ́n gé ọ. Ìgbà tí o bá jí ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Òtútù yóò mú ọ, eyín rẹ yóò máa gbá ara wọn, ọ̀fun rẹ yóò gbẹ, ikùn rẹ yóò sì máa ta ọ́ bíi pé wọ́n fi ata sí i. Má rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Bí ara ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Pe nọ́ọ̀sì pé ó ń dùn ọ́, wọn yóò gún ọ lábẹ́rẹ́. Èmi kò pè wọ́n, mò ń ṣe akọni, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní ẹ̀bùn kankan. Ojú mi ṣú nígbà tí mo kọ́kọ́ lajú, mo rò pé mo ti kú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹkún, tí nọ́ọ̀sì gbé nǹkan kan tó pọ́n kuku súnmọ́ mi, tí nǹkan náà sì fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kékeré họ mí létí. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Mojísọ́lá, kì í ṣe bàbá rẹ. Ó yẹ kí o mọ ohun tí mo jí sí.

Wọn kò ní fún ọ lóúnjẹ gidi títí ìfun rẹ yóò fi jí. Bí wọ́n ṣe máa ń mọ̀ ni pé kí èèyàn só. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì yóò wá dúró lójú gbogbo èèyàn nínú wọ́ọ̀dù, yóò ní, "Ìyá ọmọ, ṣé o ti só?" Ìwọ tí o máa ń lé ọkọ rẹ jáde ní yàrá nítorí ọ̀ràn yìí, ìwọ náà yóò máa gbàdúrà fún un. Lọ́jọ́ tí tèmi jáde, àwọn obìnrin mẹ́rin tó wà nítòsí mi kí mi kú oríire, bàbá rẹ sì sáré lọ ra ògì. Rírìn ló máa ń tètè mú un wá. Bí wọ́n bá ní kí o dìde ní ọjọ́ kejì, dìde. Yóò dà bíi pé gbogbo inú rẹ fẹ́ já bọ́, kò ní já bọ́. Kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, kí o fi ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí o wá fi ọwọ́ ti ara rẹ dìde. Má ṣe jí dìde gbọnrangandan bíi ṣọ́jà.

Ìrọ̀rí kékeré tó wà nínú àpò pẹ̀lú lẹ́tà yìí, mo rán an láàárọ̀ yìí. Òwú inú rẹ̀ tuntun ni, ìró mi aláró tí o fẹ́ràn ni mo gé fi ṣe é. Bí ikọ́ bá fẹ́ gbé ọ, tàbí ẹ̀rín, tàbí tí o bá fẹ́ sín, gbé e mọ́ ojú abẹ, kí o dì í mú ṣinṣin kó tó jáde. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi nígbà tèmi. Ikọ́ àkọ́kọ́ tí mo wú, mo pe gbogbo orúkọ Ọlọ́run tí mo mọ̀.

Omi ọyàn lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ya. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé abẹ ti gbẹ ẹ́. Ṣáà máa gbé ọmọ sí ọyàn. Dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, tàbí kí o tẹ́ ẹ sábẹ́ apá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, kó má baà máa ta ọ́ nípàá níkùn. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa wá nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti ẹni tó bí i lójú ara, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó má bà ọ́ lẹ́rù, àfi tó bá ń pọ̀ sí i.

Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, wàá sunkún. Kò ní sí ohun kan pàtó tó fà á. Ẹni kan yóò wá kí ọ, yóò ní ẹ kú ewu, ojú rẹ yóò sì kún. Tàbí kí obìnrin kan lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, tó bí tirẹ̀ láàárọ̀, dìde gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, kí ìwọ sì máa wò ó pẹ̀lú rọ́bà lára. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí máṣíìnì lọ́jọ́sí ló ń dún létí mi ní ọjọ́ kẹta tèmi: wọ́n bá a bí i ni. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi. Èmi ni mò ń sọ ọ́ sí ara mi. Bí ìwọ náà bá gbọ́ irú rẹ̀, láti ẹnu ẹlòmíràn tàbí láti inú orí ara rẹ, rántí pé mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, n kò sì rí òótọ́ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n la inú rẹ̀ kí ọmọ lè yè, kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe? Sunkún rẹ, nu ojú rẹ, kí o fún ọmọ lọ́yàn. Bí ẹkún náà kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, sọ fún mi, sọ fún dókítà.

Bí ẹ bá délé, kò sí omi gbígbóná lórí ikùn. Kò sí jíjókòó sínú baàfù omi gbígbóná. Kò sí àdí, kò sí iyọ̀, kò sí ewé kankan lójú abẹ, ẹni yòówù kó gbé e wá, kódà bó jẹ́ èmi. Jẹ́ kó mọ́, jẹ́ kó gbẹ. Ọmọ rẹ ni ẹrù tó wúwo jù tí o lè gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Má pọn omi, má gún iyán, má fọ aṣọ ńlá. Ràsákì náà yóò ní sùúrù títí dókítà yóò fi yẹ̀ ọ́ wò, ó yé ọ, n kò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara rẹ bá gbóná, bí ojú abẹ bá wú, tó là, tó ń rùn tàbí tó ń yọ omi, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ tó sì ń dùn ọ́, má dúró de ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Padà sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, bí o bá tún lóyún, fi bí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sáàárín, ọsibítù ni kí o sì bí i sí, kí o sọ fún wọn pé wọ́n ti fi abẹ kàn ọ́ rí.

Ó wá ku Àlhájà. Sọ fún un. Fi ẹnu ara rẹ sọ fún un kó tó di Ọjọ́rú. N kò mọ ohun tí yóò sọ. Ó lè dákẹ́, ó lè sọ̀rọ̀ tí kò dùn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bọ́ ṣọ́ọ̀lù ọrùn rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, tó fi bo èjìká rẹ nígbà tí òjò ń rọ̀, tí òun sì ń rìn nínú òjò, kì í ṣe ẹni tí o ní láti sá fún. Mo sá fún irú rẹ̀ nígbà kan, mo sì rí i nígbà tó ti pẹ́ jù pé kò sí ohun tí mò ń sá fún. Ó dá mi lójú pé táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọ báyìí. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò tú ọ̀já rẹ kó tó mọ̀. Bí ẹnu rẹ bá kọ̀ bíi ti ẹnu mi, fún un ní lẹ́tà yìí, kó kà á. N kò ní tijú mọ́.

Ní ti Ọjọ́ Ẹtì àti ilé àgbẹ̀bí yẹn, n kò bá wọn jà, n kò sì bá àdúrà jà. Èmi náà ń gbà á fún ọ lójoojúmọ́ lórí eékún tó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dábùú, tí ìbàdí ìyá rẹ̀ sì há, kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà jáde láàyè. Ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ni mo fi wá ọ̀nà náà lórí rẹ, mi ò rí i. Bó bá jẹ́ pé wọn kò fi abẹ kàn mí lọ́jọ́ náà, kò ní sí ìwọ, kò ní sí èmi, kò ní sí ẹni tí yóò máa bẹ̀rù Àlhájà lónìí. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, Àṣàkẹ́. N kò ní òmíràn nílé.

Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa tó ń kó gàárì wá sí Òde, ni mo fi lẹ́tà yìí àti ìrọ̀rí rán. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé kan péré ni mo fẹ́ kí o fi rán an padà sí mi ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kí o kọ sínú rẹ̀ pé o ti fọwọ́ sí ìwé dókítà. Bí n kò bá rí i, èmi fúnra mi yóò wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ ní àárọ̀ Ọjọ́rú yìí, màá sì ká aṣọ mi sókè lójú ìwọ àti Ràsákì, kí ẹ jọ wo àpá náà. O mọ̀ pé mo lè ṣe é. Bí mo bá sì rí i, ó di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n tó kó ẹrù mi wá, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ ni màá sì wà nígbà tí o bá jí.

O ní bí mo ṣe bí ọ ni o fẹ́ bí ọmọ tìrẹ. Bí mo ṣe bí ọ nìyí. Lọ bí i bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
tó bí ọ fúnra rẹ̀.